Káàdì ìkíni aláfọwọ́ṣe bíi ti ayé àtijọ́: íǹkì ń tàn ká, wúrà ò gbẹ, pépà ń kákò

Àṣàkẹ́_Oníkáàdì

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́.

Ogójì káàdì ni mo fẹ́ ṣe fún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí bíi káàdì ayé àtijọ́: òdòdó róòsì níwájú, ìkọ̀wé bíi ti lẹ́tà àtijọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní hàn jù, kí etí káàdì sì pọ́n bí ìwé tó ti pẹ́ nínú àpótí. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ti róòsì jẹ́ rọ́bà pupa lórí pákó. Ti ìkọ̀wé ni èyí tó mọ́ gaara bí omi, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, "Ẹ kú oríire", ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n ti ṣe é.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Mo rẹ pépà sínú omi tíì kó lè ní àwọ̀ ìgbà pípẹ́. Ó kákò bí ewé tí oòrùn pa, íǹkì tí mo sì tẹ̀ sórí rẹ̀ ta gbòǹgbò káàkiri. Mo fi íǹkì ọ́fíìsì tẹ róòsì sórí pépà tí mi ò rẹ, ìyẹn dára, àmọ́ bí mo ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀ olómi kun inú ewé, gbogbo ìlà yọ́ mọ́ àwọ̀. Íǹkì wúrà tí mo fi tẹ "Ẹ kú oríire" ti lo ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Róòsì náà tún máa ń ní ojú funfun láàárín, nígbà tí etí rọ́bà máa ń tẹ àmì dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Pépà wo ni kí n rà? Íǹkì wo ló wà fún kí ni? Kí ló yẹ kó ṣáájú, kí ló yẹ kó gbẹ̀yìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kí n má baà ba ogójì pépà jẹ́.

Gégépépà

Ẹ kú iṣẹ́, Àṣàkẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ibì kan náà ló ti wá: àwọ̀ ni ẹ fi ń yan íǹkì. Ohun tó máa kan íǹkì náà lẹ́yìn tó bá ti wà lórí pépà ni kí ẹ fi yàn án. Ṣé omi ni? Ṣé sípíríìtì inú máákà ni? Àbí iná ni? Bí ẹ bá ti dáhùn ìyẹn, ó wá ku àwọ̀ nìkan.

Dye ink ń wọ inú pépà bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Kì í pẹ́ gbẹ, àmọ́ omi ń tú púpọ̀ nínú wọn, oòrùn sì ń ṣá wọn. Ìdílé yìí ni íǹkì ọ́fíìsì ti wá. Wọ́n ń fi glycerine sí i kí pádì má baà gbẹ, àwọ̀ inú rẹ̀ sì fẹ́ràn omi. Ẹ lè jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, búrọ́ọ̀ṣì olómi á ṣì gbé e kúrò lójú ìlà.

Pigment ink ní tirẹ̀, orí pépà ló ń jókòó sí bí ọ̀dà ara ògiri. Kì í tètè ṣá, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn lórí pépà tó dúdú pàápàá, àmọ́ ó ń pẹ́ gbẹ. Lórí pépà tí kò dán, ẹ fún un ní wákàtí mélòó kan, nígbà òjò ẹ fún un ní odindi ọjọ́. Lórí pépà dídán kò ní ibi tó máa wọ̀, nítorí náà kò ní gbẹ àyàfi tí iná bá kàn án. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé pépà tí ẹ tẹ wúrà yín sí ń dán. Ẹ gbé e kọjú sí iná: bó bá ń kọ mànà bí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn aláwọ̀, òun náà ni.

Nítorí náà, fún róòsì tí ẹ fẹ́ fi àwọ̀ olómi kùn, VersaFine tàbí Archival Ink ni kí ẹ fi tẹ ìlà rẹ̀. VersaFine jẹ́ pigment tó ní òróró nínú, ó ń mú ìlà tín-ín-rín jáde ketekete, omi kì í sì í tú u bó bá ti gbẹ tán. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Bó bá jẹ́ máákà olósípíríìtì bíi Copic lẹ fẹ́ fi kùn, ẹ gbé VersaFine sẹ́gbẹ̀ẹ́, Memento ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi StazOn tẹ ohun tí máákà yẹn máa kàn láéláé. StazOn fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú máákà, wọ́n á tú ara wọn. Iṣẹ́ StazOn ni ike, gíláàsì àti irin.

Distress Ink tí ẹ máa rí káàkiri, ti Ranger àti Tim Holtz, wọ́n ṣe é kó lè máa bá omi rìn ni. Kò sí ohun tó dára tó o fún etí káàdì. Fún ìlà tí ẹ máa kùn, kò dára rárá, ìdí kan náà ló fà á.

Pépà: ara káàdì, gíráàmù 250 sí 300, aláwọ̀ wàrà, kì í ṣe funfun báláú. Funfun báláú ló kọ́kọ́ máa ń tú àṣírí pé àná ni wọ́n ṣe káàdì. Fún ojú iwájú tí ẹ máa tẹ róòsì sí, pépà àwọ̀ olómi tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní hot pressed, gíráàmù 300. Èyí tí ojú rẹ̀ rí hágahàga kò ní gba òǹtẹ̀ dáadáa, rọ́bà kì í dé inú àfonífojì rẹ̀. Pépà ọ́fíìsì gíráàmù 80, fún ìdánwò nìkan ni.

A4 kan ń mú káàdì méjì jáde: ẹ gé e sí méjì ní ìbú, ẹ ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po, á di A6, mìlímítà 105 sí 148, tó wọ àpòòwé C6 (114 sí 162) wẹ́kú. Ogún A4 fún ogójì, ẹ fi mẹ́rin kún un fún àṣìṣe.

Olóòǹtẹ̀_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Gégépépà ti sọ ti íǹkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òǹtẹ̀.

Ojú funfun tó wà láàárín róòsì lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Ẹ fi íǹkì sí òǹtẹ̀, kí ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ yí ojú rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó sún mọ́ ojú. Bí íǹkì bá ń kó ara rẹ̀ jọ ní ẹ̀kán kékeré-kékeré bí òógùn iwájú orí, òróró ibi tí wọ́n ti yọ rọ́bà náà kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin sórí pépà tí kò wúlò. Ti èyí tó mọ́ gaara le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: ẹ fi ìrésà funfun pa ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ fọ̀ ọ́.

Bí íǹkì bá tẹ́ dáadáa lójú rọ́bà tí ojú funfun ṣì wà, ọ̀rọ̀ di ti ohun tó wà lábẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀: bí fóòmù bá wà láàárín rọ́bà àti pákó, tábìlì líle ló fẹ́. Bí kò bá sí fóòmù, gẹ́gẹ́ bíi ti èyí tó mọ́ gaara, ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ tó nípọn bíi mìlímítà méjì sábẹ́ pépà, tàbí ìwé ìròyìn ewé mẹ́jọ. Ẹ dìde dúró. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn pákó, ẹ tẹ̀ ẹ́ tààrà sísàlẹ̀, ẹ kà dé mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e sókè tààrà. Ẹ má mì í síwá sẹ́yìn. Mímì yẹn ló ń mú etí rọ́bà fọwọ́ kan pépà.

Àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ ní ìdí kejì: òǹtẹ̀ ni ẹ ń gbá mọ́ pádì. Ẹ yí i padà. Ẹ gbé òǹtẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ wá máa fi pádì gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Íǹkì ò ní dé inú kòtò. Bí àmì ṣì wà, ẹ fi abẹ gé rọ́bà àti fóòmù tó ṣẹ́ kù létí àwòrán, kí gígé náà dà gẹ̀rẹ̀ síta, kì í ṣe sí abẹ́ ìlà, nítorí ìlà tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo kì í pẹ́ já.

Ọ̀rọ̀ "Ẹ kú oríire" yẹn wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ wo àmì abẹ́ Ẹ àti àmì ohùn orí ú àti í dáadáa. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn oníṣẹ́ kò ní àmì Yorùbá, wọ́n á fi àmì ìdánudúró lẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, á fì sọ́tùn-ún tàbí kó wọ inú lẹ́tà. Tó bá sì tún kéré jù, íǹkì á dí i pa. Bí ẹ bá máa ṣe òmíràn, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra yín, kí ẹ gbé e fún wọn bí àwòrán PDF, lẹ́tà ìwọ̀n 16 sókè, kí ìlà àti àmì kankan má tín ju ìdajì mìlímítà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní rọ́bà lórí pákó lásán. Èyí tó ní íǹkì nínú ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ àwọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ń tẹ̀.

Ìfọ̀: aṣọ tútù, kíá tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ má rẹ pákó sínú omi. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù kàn án, rọ́bà á wú, àwòrán á sì yí padà. Ẹ pa òǹtẹ̀ tó mọ́ gaara mọ́ kúrò lóòrùn, oòrùn ń sọ ọ́ di pípọ́n.

Aláró_Abẹ́òkúta

Ẹ káàsán o. Ọ̀rọ̀ tíì ni mo bá wá.

Ohun tí ẹ ń pè ní gbòǹgbò yẹn, omi ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Sítáàsì ni wọ́n fi ń pa ojú ọ̀pọ̀ pépà nílé iṣẹ́, òun ló ń dá íǹkì dúró sójú kan. Bí ẹ bá ti rẹ pépà sómi, sítáàsì á ṣí, òwú pépà á wú, íǹkì tí ẹ bá tẹ̀ sí i á wá máa tẹ̀ lé òwú kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ dá sítáàsì yẹn padà. Ṣíbí kékeré kan sítáàsì ẹ̀gẹ́ nínú ìdajì ife omi tútù, ẹ pò ó, ẹ gbé e kaná kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ máa rò ó títí á fi mọ́ gaara, ẹ bù ìdajì ife omi mìíràn lé e kó ṣàn, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú àti ẹ̀yìn pépà tó ti gbẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ tí a fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé sítáàsì ló ń sọ fún àwọ̀ pé "ibí lo máa dé". Kí ẹ má pa á nípọn, á sán bó bá gbẹ. Kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pa, aáyán fẹ́ràn sítáàsì.

Omi tíì fúnra rẹ̀: báàgì tíì mẹ́rin nínú ìdajì lítà omi híhó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó báàgì kúrò, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ dà á sínú tìréè tó gba pépà láìká a. Pépà ní láti rì tojú tẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú kan bá mu omi ju èkejì lọ, ojú kan á fẹ̀ ju èkejì, ìyẹn ló ń mú un kákò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ń fún yín ní àwọ̀ èéfín fífẹ́lẹ́, mẹ́wàá á sún mọ́ àwọ̀ ìwé àgbà. Tó bá tutù, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ, ẹ má fòyà yọ ọ́ kíá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́. Nígbà tí kò ṣàn mọ́ tó ṣì tutù díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi í sáàárín aṣọ méjì, ẹ fi àyọ́ọ̀nù gbígbẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé ìwé ńlá mẹ́ta lé e mọ́jú. Kò ní kákò mọ́.

Kí òǹtẹ̀ tó kàn án ni gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí. Pépà ojú iwájú nìkan sì ni kí ẹ rẹ, ẹ má rẹ ara káàdì tó nípọn, kò ní tẹ́jú fún yín mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ àmì bíi ti ìwé tí òjò kán sí, ẹ wọ́n horo kọfí tó ń yọ́ sómi bíi mẹ́wàá sí pépà nígbà tó ṣì tutù. Ẹ wò ó: horo kọ̀ọ̀kan á dúró bí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á yọ òrùka dúdú jáde lábẹ́ ara rẹ̀. Kó tó tàn ju orí ìka lọ, ẹ fi aṣọ gbá a mu.

Àṣàkẹ́_Oníkáàdì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Pépà tí mo tẹ wúrà sí ń dán lóòótọ́! Mo sì ti wo òǹtẹ̀ náà, àmì abẹ́ Ẹ wọ inú lẹ́tà lóòótọ́.

Ó ku wúrà yẹn. Mo fẹ́ kó ga sókè kó sì máa dán bíi ti káàdì ìgbéyàwó. Mo ní pàúdà wúrà tí iná ń yọ́, àmọ́ mi ò ní heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná janjan. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lè ṣe é? Pàúdà náà sì tún máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí mi ò tẹ̀.

Peckham_Aláfọwọ́ṣe

Ẹ má lo ẹ̀rọ irun. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ kò tó, á fẹ́ pàúdà lọ kó tó yọ́. Bí kò bá sí heat gun, àyọ́ọ̀nù lè ṣe é: ẹ gbé e ró kó gbóná dáadáa láìní omi nínú, ẹ di etí pépà mú pẹ̀lú pégì, kí ẹ fi ẹ̀yìn pépà kan ojú irin, pàúdà kọjú sí yín. Sítóòfù iná mànàmáná náà dára, ẹ gbé pépà sókè rẹ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Pàúdà á kọ́kọ́ rí bí iyanrìn, ojú rẹ̀ á wá dédé sọ di dídán, ó máa ń ti ibì kan bẹ̀rẹ̀ kó tó rìn dé ibi yòókù. Bó bá ti rìn kọjá lẹ́tà kan, ẹ sún pépà. Bí ooru bá pọ̀ jù, pàúdà á rì sínú pépà, á pẹlẹbẹ, ẹ ó sì rí àbàwọ́n bí epo lẹ́yìn rẹ̀. Kò ṣe é tún ṣe.

Ìdí tí pàúdà fi ń lẹ̀ síbi tí kò yẹ: òróró ìka yín, ọ̀rinrin, àti íǹkì etí tí kò tíì gbẹ. Ẹ bu pàúdà ọmọdé díẹ̀ sínú aṣọ pẹlẹbẹ, ẹ so ó, kí ẹ fi gbá ojú pépà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. VersaMark, tí kò ní àwọ̀, ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ pigment ink wúrà tí ẹ ní náà máa gba pàúdà bó bá ṣì tutù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ da pàúdà bò ó pátápátá lójú ẹsẹ̀, ẹ dà á padà sórí pépà tí ẹ ti ṣẹ́ po, ẹ fi ìka gbá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá èyí tó ṣẹ́ kù lọ. Lẹ́tà tó ní àmì Yorùbá kékeré fẹ́ pàúdà tó kúnná jù. Èyí tó rí wúruwùru á bo àmì náà mọ́lẹ̀.

Etí pípọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé pàúdà, kó má ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi íǹkì pa etí, ó máa ń tutù pẹ́, pàúdà á rọ̀ mọ́ ọn. Etí fúnra rẹ̀, àwọ̀ Distress Ink mẹ́ta: "Tea Dye" ní àkọ́kọ́, "Vintage Photo" lé e, "Walnut Stain" díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Ẹ fi fóòmù kó íǹkì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pépà mìíràn tí ẹ tẹ́ sábẹ́, ẹ máa yí i róbótó-róbótó wọ orí káàdì. Ẹni tó bá gbé fóòmù lé àárín káàdì ní tààrà á rí àmì fóòmù yẹn títí láé. Ọ̀nà yìí ló máa jẹ́ kí ogójì káàdì bára mu. Èmi ò ní rẹ pépà kankan sí tíì fún ogójì.

Fún ìkọ̀wé lẹ́yìn róòsì, ẹ má tẹ íǹkì àkọ́kọ́ sórí káàdì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi èyí tó ṣẹ́ kù lójú òǹtẹ̀ tẹ káàdì láìtún fi íǹkì sí i. Á rí bí lẹ́tà tí ọdún ti pa. Kí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jáde kọjá etí pépà, bí ẹni pé wọ́n gé e lára lẹ́tà gidi. Òun ló máa ṣáájú, kí róòsì tó wá lé e.

Ọ̀rọ̀ kan lórí "ayé àtijọ́". Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbí ni, lọ́dún 1843. Henry Cole ló ní kí wọ́n ṣe é, John Callcott Horsley ló yà á, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀, ṣílè kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ ìlà rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí i. Kò ní ìṣẹ́po, ewé kan ṣoṣo ni. Ẹ fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe: ìlà àwọ̀ kọfí dúdú dípò dúdú kirikiri, àwọ̀ olómi fẹ́lẹ́ tí kò kún inú ìlà tán, kó kọjá ìlà díẹ̀ níbì kan. Róòsì pupa fòò kò bá a mu. Ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan àwọ̀ kọfí kí ẹ tó bu pupa, á rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Aláró_Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mo gba ọ̀rọ̀ pàúdà yín, mi ò gba ti tíì. Kí ogójì bára mu gan-an ni kò dára. Ìwé tó gbó lóòótọ́, méjì kì í gbó bákan náà. Ẹ wo pépà tí wọ́n rẹ ní tíì lábẹ́ iná, àwọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ti fóòmù wà lójú nìkan, bí ẹ bá gé etí rẹ̀, funfun ló máa yọ. Àṣàkẹ́ lè rẹ pépà mẹ́wàá nínú tìréè kan lọ́jọ́ kan, kí ó máa yí wọn padà, ọjọ́ mẹ́rin ti parí ogójì.

Àṣàkẹ́, bí ẹ bá fẹ́ bọ́dà tó jẹ́ ti ilé, ẹ wo adìrẹ Olóba, èyí tí wọ́n ṣe ní ìrántí ayẹyẹ ọdún karùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Àwọn òrùka àti òdòdó kéékèèké tó yí ọba àti olorì ká rọrùn láti gbẹ́ sórí ìrésà. Ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ yà á sórí pépà, ẹ da ojú rẹ̀ bo ìrésà, ẹ fi èékánná họ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán á ti yí padà fúnra rẹ̀, tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ á bọ́ sípò. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó mìlímítà méjì.

Gégépépà

Ìyàn tíì àti fóòmù yẹn, Àṣàkẹ́ lè ṣe méjèèjì: tíì fún ojú pépà, fóòmù fún etí. Ẹ jẹ́ kí n to iṣẹ́ náà bó ṣe máa rọrùn fún ogójì. Ẹ má parí káàdì kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹ ṣe ìpele kan fún gbogbo wọn: tíì àti sítáàsì, ìkọ̀wé ẹ̀yìn, ìlà róòsì, kí wọ́n sùn mọ́jú, wúrà àti iná, kíkùn róòsì, etí, lẹ̀ẹ́. Àwọ̀ olómi á wú pépà díẹ̀, ẹ fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó gé A4, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní gígùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìbú. Èyí tó bá rọ̀ jù láti tẹ̀, ìlà títẹ̀ rẹ̀ ni òwú pépà ń bá sáré. Ìlà ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ bá òwú rìn. Tó bá dábùú rẹ̀, á sán, á sì yọ irun funfun. Ọ̀pọ̀ A4 ló jẹ́ pé òwú wọn ń sáré ní gígùn, tí ẹ bá sì gé e ní ìbú bí mo ṣe wí, ìṣẹ́po á bọ́ sí i wẹ́kú. Ẹ fi rúlà àti báírò tí íǹkì ti tán nínú rẹ̀ fa ìlà sí ojú ìta, kí ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ kòtò náà, kí òkè kékeré tó yọ lódìkejì wà nínú káàdì.

Ìwọ̀n: pépà róòsì, mìlímítà 95 sí 138. Pépà àwọ̀ kọfí tó máa wà lábẹ́ rẹ̀, 99 sí 142. Méjì-méjì mìlímítà á yọ yíká róòsì, mẹ́ta-mẹ́ta á yọ lára káàdì. Gọ́ọ̀mù olómi púpọ̀ á mú un kákò padà lẹ́yìn gbogbo làálàá yín. Tépù olójú méjì ni kí ẹ lò, ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ìlà kan kọjá láàárín.

Ohun tó ga bíi ríbọ́ọ̀nù tàbí bọ́tìnnì, ẹ fi í sílẹ̀ bí káàdì bá máa gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Á bá ẹ̀rọ wọn já, á sì tẹ àmì sórí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kó wọn jọ, ẹ fi pépà gbàdàgbàdà tí kò dán sáàárín káàdì kan àti èkejì, nítorí wúrà oníná lè lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kàn án nínú ooru ọkọ̀. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ inú káàdì kí ẹ tó lẹ ojú iwájú mọ́ ọn. Bí báírò bá bà á jẹ́, ìdajì A4 lásán ni ẹ pàdánù, róòsì yín ṣì wà.